Òndó Èkìmọ́gún: èéfín pákó, pupurú àti àsun

Ọjọ́bọ̀

Ọ̀gá Káfíńtà ló dá ìrìn-àjò yìí sílẹ̀, kì í ṣe èmi. Ó gba iṣẹ́ àga ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àkúrẹ́, ó wo gbogbo pákó tó wà nítòsí, ó ní wọn ò tíì gbẹ, òun ò ní fi orúkọ òun ṣeré. Òndó ló fẹ́ lọ. Èmi ní tèmi, oúnjẹ ni mo bá a lọ fún. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Òndó tó ń gbé Àkúrẹ́ ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé èyí tí à ń pè ní àsun níbí, ata ló bo ẹran mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ fojú ara mi rí àwọn àdúgbò tí iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ kòkó fi gbé Òndó ga nígbà kan, kí n sì mọ ẹni tó ṣì ń dáná níbẹ̀ lónìí.

A wọkọ̀ lọ́sàn-án. Àkúrẹ́ sí Òndó ò ju bíi 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti nawọ́ ni dírẹ́bà wa ń dúró. Apọnmù, Òwẹ̀nà, Bọ́lọ́rundúró, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà wọ́n lọ. Ní Òwẹ̀nà, àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ya bo ọkọ̀, olúkúlùkù gbé odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè sójú fèrèsé. Lẹ́yìn ibẹ̀, kòkó ló kù: kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì, àwọn mìíràn sì ti sá èso wọn sórí tapólì létí títì. Òórùn kòkó tó ń gbẹ ní kíkan díẹ̀ nínú. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n rí á rò pé nǹkan kan ló bà jẹ́.

Ilé àlejò tí a dé sí, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní iná á wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ẹni tó wà nídìí tábìlì sì ní ọ̀gá òun ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ohun tó dára lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá kan tó jókòó ní oríta, tó ń ta ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ewé. Ewé eéran ló fi pọ́n ọn, ó ká ìdí rẹ̀ ṣóńṣó bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé. Èrò tèmi ni pé ọ̀ọ̀lẹ̀ inú ike kì í ṣe ọ̀ọ̀lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ wá jẹ ti ìyá yìí. A jẹun tán, a sùn sínú òkùnkùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la dé sọ́mìlì kan lẹ́yìn ìlú, ní ìhà ọ̀nà Òrè. Àwọn agbégẹdú ti dé láti òru. Àwọn ọmọkùnrin ń fi ọ̀pá irin ti gẹdú sílẹ̀, wọ́n ń kígbe síra wọn kí igi má baà yí lu ẹnì kan. Ẹ̀rọ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àmọ́ èéfín ti ń jáde nínú àwọn búkà tó dojú kọ géètì.

Mo ti lérò pé ògì àti àkàrà ni a ó bá. Rárá o. Ẹ̀bà ni, pupurú ni, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó kún fún ẹja gbígbẹ àti pọ̀mọ́ ni, ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo bi ìyá olóúnjẹ pé ṣé àwọn èèyàn ń jẹ ọkà láàárọ̀ kùtùkùtù báyìí ni. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ẹni tó fẹ́ gbé gẹdú, ẹ wá fún un ní tíì àti búrẹ́dì? Ẹ fẹ́ pa á ni."

Ó ní ẹni tí ẹ bá rí tó ń jẹ tíì níbí, akọ̀wé ni, tàbí àlejò. Ọ̀gá Káfíńtà ti jókòó, ó ti fọwọ́, kò sọ nǹkan kan.

Àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ló ni pupurú, ṣùgbọ́n Òndó ti gbà á tọkàntọkàn. Ẹ̀gẹ́ ni. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì mọ ọ́n róbótó kí wọ́n tó tò ó sórí àjà lókè iná. Iná àti èéfín ló ń gbẹ ẹ́, kì í ṣe oòrùn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúdú lóde.

Ọmọ ìyá yìí obìnrin jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ó fi pupurú kan sórí itan, ó ń fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀. Kò kánjú. Dúdú ló kọ́kọ́ ń bọ́, ó ń já sórí pépà simẹ́ǹtì tó tẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ dúdú, àwọ̀ kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yọjú. Lábẹ́ ìyẹn ni funfun wà. Bí ó bá ti rí funfun, ọ̀bẹ á dúró, á yí pupurú náà díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí dúdú bá kù, ọkà á korò. Bí o bá sì ha á jù, òórùn èéfín tí èèyàn torí rẹ̀ ra pupurú á bá a lọ. Ó na èyí tó ti ha tán sí mi. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹja gbígbẹ, àmọ́ ó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, wọ́n á sì fi omi gbígbóná rò ó. Mo jẹ ìṣù kan, mo bèèrè òmíràn.

Igi tí wọ́n ń dá, láti inú sọ́mìlì náà ló ti ń wá. Bí ayùn bá ti kọ́kọ́ la gẹdú, ẹ̀gbẹ́ tó ní èèpo lára, tí kò ṣeé fi ṣe pákó, ni wọ́n ń kó jọ fún títà. Àwọn olóúnjẹ ń rà á, àwọn oníbúrẹ́dì ń rà á, àwọn tó ń yan ẹja ń rà á. Ìyẹ̀ igi náà ò ṣòfò tán: àwọn ọlọ́sìn adìyẹ ń wá fi àpò kó o láti tẹ́ sílẹ̀ fún adìyẹ wọn. Èyí tó bá kù ni wọ́n ń finá sí lẹ́yìn ọgbà, a sì máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìyọ ahọ́n iná.

Aago méje kọjá ni ẹ̀rọ CD bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò bá tíì rí i rí: ayùn gígùn kan ni, ó yí po lára àgbá irin ńlá méjì, gẹdú jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tó ń rìn lórí réèlì, wọ́n ń tì í lọ bá ayùn, ó sì ń là á gbọọrọ. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ìka méjì, lẹ́yìn náà ìka mẹ́rin: pákó 2 by 4 ni wọ́n ń béèrè.

Níbí ni Ọ̀gá Káfíńtà ti di olùkọ́ mi. Ó ní arère fúyẹ́, ó dára fún sílìn àti fún inú àga tí a ó faṣọ bò, ṣùgbọ́n kó má fara kan ilẹ̀ tútù, nítorí ikán ò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹni kó tó jẹ ẹ́. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ wúwo, inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, òun ni ẹni tó gbọ́n fi ń ṣe igi òrùlé. Ọmọ̀ ni àwọn agbẹ́lù ń wá kiri. Ìrókò, ó wò yíká kó tó dárúkọ rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ń ta ìrókò fún ẹ lówó pọ́ọ́kú, igi mìíràn ló kùn. Ó gbé pákó ọ̀gànwó kan sókè, ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó gbé e sílẹ̀. Ó mú òmíràn. Pákó tútù kì í dáhùn, ó ní.

Melíná pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo igi yòókù lọ. Igi àjòjì ni. Ìjọba ló gbìn ín sínú igbó ọba, bíi ti Olúwa tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, kí wọ́n lè máa fi ṣe bébà ní ilé iṣẹ́ bébà ti Ìwòpin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Iṣẹ́ bébà náà ò rìn jìnnà, igi tí wọ́n gbìn sì ti dàgbà. Ó wá di pákó. Ọ̀pọ̀ tábìlì àti bẹ́ǹṣì tí à ń jókòó sí nínú búkà lónìí, ìwé ló yẹ kó dà. Ọ̀gá Káfíńtà ò fẹ́ràn melíná rárá. Èmi ò rí nǹkan kan tó ṣe é, bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí jẹ pupurú kò ṣẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ igi, tí Ọ̀gá Káfíńtà ń pè ní Bàbá Àgbà, mú wa lọ wo NIROWI. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún ní Òndó mọ orúkọ yẹn. Ilé iṣẹ́ igi tí Nàìjíríà àti Romania jọ dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970 ni, ó sì ti pẹ́ tí iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ìta la dúró sí. Bàbá ò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ń ka àwọn ilé iṣẹ́ bí ẹni ń ka ọmọ: gíláàsì Olúwa ní Ìgbọ́kọ̀dá, níbi tí iyanrìn funfun pọ̀ sí, sẹ̀rámíìkì ní Ifọ̀n, epo pupa ní Òkìtìpupa, kòkó ní Ilé-Olújìí, igi níbí. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀, Èkìtì sì wà nínú rẹ̀ títí di 1996, ìpínlẹ̀ náà sì gbé ilé iṣẹ́ lọ sí ibi tí ohun èlò wà. Àwọn kan máa ń sọ pé àlá lásán ni gbogbo rẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ilé iṣẹ́ gíláàsì lọ sídìí iyanrìn, tó gbé ti igi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, kò lá àlá.

Bàbá ní kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló ń pa irú ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó òkèèrè la fi ń ra páàtì ẹ̀rọ òkèèrè. Oṣù Kejìlá 1989 ni ìjọba Ceausescu, olórí Romania, fúnra rẹ̀ wó. Ẹ wá fi iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kún un, ẹ fi ọ̀gá tó ń yí padà bí ìjọba bá ti yí padà kún un. "Ẹ̀rọ ò kú lọ́jọ́ kan," ni bàbá wí. "Bó bá ti bàjẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní ká yọ ti èyí fi ṣe ti ìyẹn. Títí ìyẹn náà á fi bàjẹ́."

Nígbà tí a padà sí búkà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo sọ ibi tí a ti ń bọ̀ fún ìyá olóúnjẹ. Ìgbà náà ló tó sọ pé òun ò bẹ̀rẹ̀ níbí. Ìyá rẹ̀ ló ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kan, òun ń bá a gbé omi. Àwìn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin; ìyá rẹ̀ kò mọ ìwé, ó ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, oníkálukú ní ọ̀wọ́ tirẹ̀. Bí owó oṣù bá dé, wọ́n á wá sanwó, á fi omi nu ìlà wọn kúrò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ń kú lọ, ìlà ń pọ̀ sí i, ẹni tó ń wá nu tirẹ̀ ń dín kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì pa pátápátá, ìyá rẹ̀ kó ìkòkò, ó wá síbí, nítorí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n dá dúró, àwọn sọ́mìlì ni ọ̀pọ̀ wọn wá ṣiṣẹ́ sí. Ó kàn tẹ̀ lé ẹnu tó ń bọ́ ni.

Mo bi í bóyá àwọn tó jẹ ẹ́ lówó san án níkẹyìn. Ó ní àwọn kan san. Ó ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá san ti ìyá òun lẹ́yìn tí ìyá ti kú, ó gbé màlúù kékeré wá síbi òkú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àárín ìlú lónìí: Yaba, Òpópónà Adémúlẹ́gun, Òdójọ̀mú. Adémúlẹ́gun tó ni òpópónà náà ni Bírígédíà Samuel Adémúlẹ́gun, ọmọ Òndó tí wọ́n pa ní Kàdúná lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní 1966. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà ti gba gbogbo ojú títì, ṣùgbọ́n bí o bá gbójú sókè, ìlú mìíràn wà lókè ìlú yìí. Pètéèsì tí owó kòkó kọ́ ni, pẹ̀lú bálíkónì tó fẹ̀, òdòdó simẹ́ǹtì lára ògiri, fèrèsé onígi tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀. Ọ̀gá Káfíńtà ò jẹ́ ká rìn. Ó wọ ilé onílé, ó lọ ń fọwọ́ pa ọwọ́ àtẹ̀gùn. Ìyá àgbàlagbà kan yọjú, a dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ ń wá?" Ọ̀gá Káfíńtà ní, "Ìrókò ni ọwọ́ àtẹ̀gùn yín yìí, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti òde òní rọ́pò rẹ̀ fún yín láé." Ìyá ní òun mọ̀. Wọ́n ti wá bèèrè rẹ̀ fún rírà.

Ìsàlẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni sítọ́ọ̀ kòkó máa ń wà, àwọn kan ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú èyí tí a yà sí, ọkùnrin kan ń yẹ kòkó tí àgbẹ̀ kan gbé wá wò. Kò wo òkè àpò. Ó ti ọwọ́ bọ àárín, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó tú u sórí tábìlì, ó ń fi ọ̀bẹ la èso kọ̀ọ̀kan sí méjì lóòró. Èyí tí inú rẹ̀ bá pọ́n bí igi, tó sì ní ìlà-ìlà, ti wọ̀ dáadáa. Èyí tí inú rẹ̀ bá ṣe àlùkò, àgbẹ̀ ti kánjú kó o kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń bò ó kó lè kan. Ọjọ́ bíi márùn-ún sí méje ló yẹ kó lò níbẹ̀ kó tó bọ́ sóòrùn. Àlùkò mẹ́ta ló rí. Ó wo àgbẹ̀, àgbẹ̀ wo òrùlé. Nígbà náà ni iye owó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Títí di 1986, Bọ́ọ̀dù Kòkó ti ìjọba ló ń fi iye kan lé kòkó, àgbẹ̀ mọ iye tí òun á gbà kó tó kúrò lóko. Wọ́n tú Bọ́ọ̀dù ká lọ́dún náà, láti ìgbà yẹn sì ni fóònù ti di irinṣẹ́ oníkòkó. Ọkùnrin tó ń la kòkó yìí ní méjì, ọ̀kan ń dún, ó ń fi èkejì sọ̀rọ̀.

Àwọn alágbàrù tó ń gbé àpò kòkó ló mú wa lọ jẹ ìyán. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ní ìlú tí mi ò mọ̀ nìyẹn: má bi onímọ́tò, má bi òṣìṣẹ́ ilé àlejò, bi ẹni tó ń gbé ẹrù. Inú ọ̀nà tóóró kan ni, kò sí pátákó, ìró odó ló ń júwe ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń gún un, ọmọ odó kan ń gòkè bí èkejì ṣe ń sọ̀, ìyá oníyán ń fi ọwọ́ tó ti tì bọ omi yí i láàárín wọn láìwò ó. Àkúrẹ́ ti ń fi ẹ̀rọ gún ìyán o. A kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ẹnu mọ̀ ọ́n. Tibí fà, kò sì ní kókó kankan.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ebòlò ni mo gbà sí i, pẹ̀lú ẹran òyà. Bí wọ́n ti wù kí wọ́n se ebòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́. Ìyẹn gan-an ni àwọn ará ibí ń sanwó fún. Wọn ò bọ̀ ọ́ kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Ẹni tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àpò kòkó ti sọ èjìká ẹ̀wù rẹ̀ di pupa, jẹ ìṣù mẹ́rin, ó mu omi, ó dìde, ó padà sídìí iṣẹ́. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí aago méjì tó lù, ìyán ti tán, wọ́n ti ń fọ odó.

Obìnrin ló ń darí gbogbo èyí, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Òndó. Ìtàn wọn sọ pé obìnrin ló kọ́kọ́ jọba lé wọn lórí, Púpùpú lorúkọ rẹ̀, àwọn Ọ̀ṣemàwé, ọba Òndó, tó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin. Títí dòní, Lóbùn, ọba obìnrin, ni ọ̀rọ̀ ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ní ipa tí ẹlòmíràn ò lè kó bí wọ́n bá fẹ́ fi Ọ̀ṣemàwé jẹ. Mo sọ fún ìyá oníyán pé Àkúrẹ́ la ti wá. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń bèèrè ṣíbí.

Àsun wá kù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ rẹ̀, nítorí òde àríyá wà káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n a kò lọ sí òde ẹnikẹ́ni, ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ìrọ̀lẹ́ la wá lọ. Ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n sun irun rẹ̀ lórí iná, wọ́n ha á mọ́, awọ wà lára ẹran. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, tí wọ́n ti là á, ó di orí wáyà lókè ẹ̀yinná, ọ̀rá ń kán sílẹ̀, iná ń ké ṣáá. Alásun ń yí i, ó ń bù ú ní iyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó jinná ló gé e wẹ́wẹ́, ó dà á sínú agbada tí ata rodo àti àlùbọ́sà ti ń gbóná nínú òróró díẹ̀, ó pò ó pọ̀, ó sì bù ú síta kí ata tó jóná. Ó tán. Ata náà ta gidi, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n èéfín lo máa kọ́kọ́ tọ́ wò, lẹ́yìn náà awọ tó le díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹran; ata wá kẹ́yìn. Àwọn ará Òndó tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ jàre.

Mo ní àwọn kan ń bọ ẹran kí wọ́n tó sun ún. Alásun ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyẹn ọbẹ̀ ni," ó ní.

Ọ̀rọ̀ igi ló gbé òun àti Ọ̀gá Káfíńtà lọ. Ọ̀gá Káfíńtà béèrè ìdí tí kò fi máa ra èèpo gẹdú sọ́mìlì, ó ṣáà dínwó. Alásun ní gẹdú ń yọ ahọ́n iná jù, kì í dúró ní ẹ̀yinná, èéfín àwọn mìíràn sì korò. Àti pé ta ló mọ epo tó ti ta sí i lára nídìí ẹ̀rọ? Ẹ̀ka kòkó gbígbẹ ló ń lò, àwọn àgbẹ̀ ń gé e kúrò nígbà tí wọ́n bá ń tún oko ṣe, wọ́n á dì í wá fún un. Wọ́n jiyàn lórí igi ọsàn, wọ́n jiyàn lórí igi obì. Mo jẹ àwo kejì kí wọ́n tó rántí pé mo wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú

Ìlú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A lọ sí Kàtídírà St. Stephen ní Òkè-Àlùkò, Ọ̀gá Káfíńtà kò gbọ́ ìwàásù, àga ló ń wò. Nígbà tí a jáde, gbogbo ibi tí a ti jẹun láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ilẹ̀kùn.

Àǹtí rẹ̀ kan, ọmọ Ìkálẹ̀ tó fẹ́ ọkọ sí Òndó, ló gbà wá sílẹ̀. Ọbẹ̀ marúgbó ló fi bọ́ wa, ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ewé sè, tí wọ́n máa ń fún ìyá ọmọ tuntun. Ó dúdú débi pé mi ò rí ẹja inú rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi kàn án. Mo ní, "Àǹtí, ṣé èmi náà bímọ ni?" Ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀yìn yín á dá a mọ̀." Òótọ́ ni, oorun tí mo sùn lọ́sàn-án yẹn kò kéré.

Ọjọ́ Ajé

A padà sí sọ́mìlì láti san owó. Ọ̀gá Káfíńtà ti yan ọ̀gànwó rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn, àmọ́ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ò dáhùn. Ẹni tó ń tà á ní ṣọ́ọ̀kì òun kọ́. Wọ́n fà á títí, wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan, wọ́n dín owó èkejì. Èmi ra pupurú tí wọn ò tíì ha, nítorí ó ń pẹ́ nílẹ̀ ju èyí tí wọ́n ti ha lọ, ìyá olóúnjẹ sì fi ọ̀kan kún un.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́ la bá lọ. Dírẹ́bà gba owó pákó lọ́tọ̀, ó gba owó tiwa lọ́tọ̀, ó wo àpò pupurú tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ní ìyẹn náà jẹ́ ẹrù. Ọ̀gá Káfíńtà ní kó wo igi lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ kó má wo oúnjẹ ọmọ ẹni. A ń bá a jiyàn títí a fi kọjá Bọ́lọ́rundúró, a san ààbọ̀ iye tó pè.